Ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún: bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òkúta inú òróòro ni

Tẹ́ẹ bá ti wo àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà Kubwa l'Abùjá rí, bí wọ́n bá ti la ikùn ẹ̀ báyìí, àpò kékeré aláwọ̀ ewé kan wà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ tí wọ́n máa ń rọra fi ìka méjì yọ, torí tó bá lọ bẹ́ sórí ẹran, ó ti korò nìyẹn. Òróòro ni. Àwa náà ní tiwa lábẹ́ ẹ̀dọ̀, lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni omi tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe máa ń dúró sí, tẹ́ẹ bá wá jẹ ọ̀rá, òróòro á fún un jáde sínú ìfun kó lè bá yín da ọ̀rá yẹn.

Tí kọlẹ́sítẹ́ró, irú ọ̀rá kan, bá pọ̀ jù nínú omi yìí ló ń dì di òkúta, òmíì kéré bíi yanrìn, òmíì tóbi bíi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. (Yanrìn inú ìrẹsì ò débẹ̀ o, ẹ má bínú sí ìyá onírẹsì.) Ó pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá ẹni tó ti bímọ, tó sanra, tó ti lé ní 40, àti ẹni tó fi ebi pa ara ẹ̀ kó lè yára fọn. Àwọn tó ní SS náà, ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń tètè bàjẹ́ ló ń fa tiwọn, kódà ọmọdé lè ní in.

Ọ̀pọ̀ ló ní in tí ò yọ wọ́n lẹ́nu rárá. Ìgbà tí òkúta bá lọ dí ẹnu ọ̀nà ni wàhálà dé. Èmi, ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé oògùn ọgbẹ́ inú mì, torí ohun tí oníkẹ́míìsì iwájú ilé wa ní Lugbe sọ pé ó ń ṣe mí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mo bá ti jẹ súyà lálẹ́ báyìí, tó bá fi máa tó bíi wákàtí kan, á gbá mi mú lábẹ́ ìhà ọ̀tún, á gba ẹ̀yìn lọ sí èjìká, mo jókòó o, mo dùbúlẹ̀ o, kò gbọ́, á wá lọ fúnra ẹ̀ bí ẹni pé kò wá rí.

Tó bá jọ tiyín, ẹ kọ ohun tẹ́ẹ jẹ àti aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ẹ lọ bá dókítà kó kọ scan ikùn fún yín. Ẹ má jẹun fún bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ kẹ́ẹ tó ṣe é, torí tẹ́ẹ bá ti jẹun òróòro á ti sún kì, wọn ò ní rí inú ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin ará Nyanya, ẹ tètè jáde nítorí gosló, kẹ́ẹ gbé oúnjẹ dání fún ìgbà tẹ́ẹ bá ṣe tán.

Àmọ́ tó bá mú ibà àti òtútù dání, tí funfun ojú di yẹ́lò bí àtalẹ̀ pupa, tí ìtọ̀ dúdú bíi kóòkì, tí ìgbẹ́ funfun, tàbí tí ìrora ò lọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ọsibítù lóru ọjọ́ yẹn ni o.

Òróró ólífù àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ní kẹ́ẹ mu kí òkúta lè bá ìgbẹ́ jáde? Kóró aláwọ̀ ewé tẹ́ẹ máa rí nínú ìgbẹ́, òróró yẹn ló dì bí ọṣẹ, òkúta yín wà níbi tó wà.

Tí kò bá yọ yín lẹ́nu, dókítà sábà máa ń fi sílẹ̀. Tó bá ń yọ yín lẹ́nu, wọ́n á yọ àpò yẹn látòkè délẹ̀, ihò kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n dá sí mi níkùn, ẹ̀dọ̀ á sì máa da omi ẹ̀ tààrà sínú ìfun. Mo ṣì ń jẹ súyà, mo kàn ń sọ fún máí-súyà pé kó má da òróró lé tèmi.