Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ ibùdó ìsádi, kí jàǹbá kejì má bàa bá yín lójú oorun

Ìjọba Èkó ní ibùdó ìrànwọ́ ní Ìgándò àti Agbówà, àmọ́ nígbà tí omíyalé bá dé lójijì, iléèwé tàbí gbọ̀ngàn àdúgbò ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá sí. Ibẹ̀ á kún fọ́fọ́, iṣẹ́ á pin òṣìṣẹ́ lẹ́mìí, kò sì ní sẹ́ni tó máa rántí pé ibi tí wọ́n sá sí náà lè gbiná.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló burú jù lójú tèmi. Nítorí olè, wọ́n á fi ṣéènì àti àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò ọ̀gá, ọ̀gá á sì gbalé lọ. Bí iná bá wá sọ láago méjì òru ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo èrò máa rọ́ lọ, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi àgádágodo ti ibi téèyàn ń sùn. Ìdábùú tí ẹni tó wà nínú lè fọwọ́ fà yọ ni kí ẹ lò, kí ọdẹ jókòó tì í. Ẹ tún dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà kí ẹ fojú ara yín wò ó, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń to àpò ìrẹsì àti tìmùtìmù sí.

Ìwé orúkọ ló tẹ̀ lé e. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó wọlé, wọn ò ní kọ ti ẹni tó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò padà. Ọjọ́ tí panápaná bá béèrè pé, “Ta ló kù nínú ilé?”, kálukú á máa wojú ara wọn. Ẹ máa kà wọ́n láàárọ̀, kí ẹ tún kà wọ́n lálẹ́. Ẹ kọ yàrá tí aláboyún, arúgbó àti ẹni tí kò lè rìn wà sílẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó wà ní géètì.

Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ nítorí òjò. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó lè pa ẹni tó ń sùn láìjí. Fèrèsé ṣíṣí kò tó o. Kí ó jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán. Ní ilé ìdáná, bí òróró bá gbiná, ẹ má da omi sí i: ẹ pa sítóòfù, ẹ fi ìdérí bò ó.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má sọ pé ẹ máa wò ó di àárọ̀. Onígbáméjì lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gbé e lọ sọ́sibítù ni kí ó ti máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà: lítà omi mímọ́ 1, ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, ṣíbí tí a rẹ́ lórí, kì í ṣe èyí tó kún bò.

Ní Èkó, 112 tàbí 767 lẹ máa pè. Ẹ má rò pé ẹlòmíì ti pè. Ẹ lẹ àdírẹ́sì ibùdó mọ́ ògiri pẹ̀lú, torí olùyọ̀ǹda tó ti ìlú mìíràn wá kò mọ orúkọ òpópónà yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe ìdánrawò, alẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ.