Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Wáṣẹ́ Lẹ́yìn Agùnbánirọ̀ Láyé Ìsìnyí

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán, 77,000 náírà tí ìjọba ń san lóṣooṣù ti dúró nìyẹn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kù. Ìlú ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́ o. Lọ́dún 2023 ni GSK, iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ní àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, kọ́dún yẹn tó parí P&G tó ń ṣe Pampers náà ní àwọn ò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, àwọn á kàn máa kó o wọlé ni, ẹ wá wò ó, àwọn tó ti nírìírí tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn àtẹ̀yin lẹ jọ ń du àyè kan ṣoṣo. CV kan náà tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ síbi gbogbo ò lè gbà yín.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ pé àwọn ń wá dáadáa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò gan-an ni kẹ́ ẹ lò, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ká ní ilé ìwé lẹ ti sìn, ẹ má kàn kọ “tíṣà” kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ kọ́ SS2 ní ìṣirò, pé ẹ̀yin lẹ fi Excel ṣe rìsọ́ọ̀tì gbogbo kíláàsì ní tẹ́ẹ̀mù méjì. Ẹni tó ń wá ẹni tó máa ṣe àkáǹtì, Excel yẹn lojú ẹ̀ máa bà lé. PDF ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kí orúkọ yín wà lórí fáìlì.

Tẹ́ ò bá mọ Excel ńkọ́? Ẹ kọ́ ọ, YouTube kún fún un, ìjọba àpapọ̀ náà ní ètò tí wọ́n ń pè ní 3MTT fáwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n sátífíkéètì nìkan ò tó o! Ẹ bá ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò yín ṣe àkọsílẹ̀ ọjà ẹ̀, kẹ́ ẹ rí nǹkan fi hàn lọ́jọ́ íntáfíù.

Ẹ sọ fáwọn èèyàn náà, kò sítìjú níbẹ̀ rárá. Àmọ́ “ẹ bá mi wáṣẹ́” ò yé ẹnikẹ́ni. “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ stock-keeping ni mò ń wá, Ìkẹjà tàbí Ògbà, CV mi rèé,” ìyẹn ni wọ́n lè fọ́wọ́dì.

Tí tẹ́ẹ̀sì bá wọlé sórí fóònù yín pé kẹ́ ẹ wá fún íntáfíù níbi tẹ́ ò kọ̀wé sí, tàbí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù tàbí owó tréníǹgì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ, ẹ má san kọ́bọ̀.