Bí mo ṣe tú àṣírí ìgò kòpáíbà tí mo rà

Owó ìfiránṣẹ́ nìkan ju owó ọjà lọ. Ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Ẹnì kan tó ń ta oje igi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ta ìgò kòpáíbà kan, ìyẹn oje igi tó ń jẹ́ kòpáíbà, fún mi, ó ní ògidì ni, láti igbó Amasónì ní Bràsíl. Ó tún kó ohun kan sínú ọ̀rá kékeré, ó pè é ní "èso kòpáíbà", ó sì gba owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ṣí ìgò, òórùn fẹ́rẹ̀ má sí níbẹ̀. Kòpáíbà kì í ta sánsán bíi tùràrí lóòótọ́, àmọ́ ó yẹ kó rùn bí igi, kó sì ní ata díẹ̀ nínú. Caryophyllene, èròjà olóòórùn tó sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, wà nínú ata dúdú náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti "èso" yẹn. Èso igi kòpáíbà máa ń là ni, kóró dúdú a sì yọ nínú rẹ̀ pẹ̀lú awọ rírọ̀ aláwọ̀ ọsàn. Ohun tó wà nínú ọ̀rá mi rí róbótó, ó fúyẹ́, èérún ewé ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Mo fi abẹ la ọ̀kan. Yàrá kékeré kan ló wà láàárín, ògiri rẹ̀ le, ihò bí ojú abẹ́rẹ́ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Nínú òmíràn, ìdin funfun kan ti ká kò, ó ti gbẹ. Ilé kòkòrò ni wọ́n tà fún mi! Kòkòrò a yé sínú ewé tó ṣì rọ̀, ewé a wú bo ọmọ náà, ọmọ a máa jẹ ògiri ilé rẹ̀ títí yóò fi dá ihò jáde. Lára Copaifera langsdorffii, irú igi kòpáíbà kan, nìkan, oríṣi irú kókó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti rí lé ní 20. Ó wù mí láti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní owó yẹn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n pinnu pé màá yẹ òróró náà wò fúnra mi. Ohun méjì ló para pọ̀ di oje kòpáíbà: òróró tó lè bá ooru omi gòkè, àti oje líle tí kò ní kúrò nídìí ìkòkò. Tí a bá fi omi sè é pẹ́, òróró a lọ, èyí tó kù a sì le tó bá tutù. Òróró tí a fi ń se oúnjẹ, tí mo fura pé wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn, kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń to ìgò àti ọ̀pá ìtutù (ibi tí ooru omi ti ń tutù padà di omi) pọ̀, n kò ní sọ ọ́. Ẹni tó bá ní wọn ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí n kò rí kà níbì kankan ni bí nǹkan yìí ṣe máa ń bú. Oje náà fúyẹ́ ju omi lọ, ó sì ki, nítorí náà ó lé téńté sójú omi bí ọmọrí ìkòkò. Omi ń gbóná lábẹ́, ooru kò ríbi gbà. Gbogbo rẹ̀ a dákẹ́ jẹ́ẹ́, o máa rò pé iná ti kú. Lójijì, gbùà! Oje àti omi a fò pọ̀ wọnú ọ̀pá ìtutù, ohun tó ń kán sínú ife a di funfun bíi wàrà, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí n tú u, kí n fi ọtí líle fọ ọ̀pá (ọṣẹ kò ràn án), kí n tún un tò, kó tún bú.

Mo dín iná kù, ó bú. Mo dín oje kù, ó bú, àmọ́ kò le tó ti tẹ́lẹ̀. Ìwé ìlànà tó bá ìgò àti ọ̀pá ìtutù wá ní kí a "ṣe sùúrù". Sùúrù kọ́ ni omi ń fẹ́! Èérún ìkòkò amọ̀ tí kò dán ló parí ìjà. Mo dà á sínú ìgò kí n tó dáná, ooru ń ti ara wọn yọ díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i dájú pé ohun tó wà nínú ìgò kò ju ìdajì lọ. Ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo pariwo ayọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹ má retí pé ó máa yá. Òróró kòpáíbà wúwo láti gbé, ooru ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Ohun tó wá léfòó nínú ife mi kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Mo da ohun tó kù nídìí ìgò sínú abọ́, mo yọ omi rẹ̀, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ṣì ń ṣàn. Mo kán an sórí pépà, mo yá a níná, ọ̀rá tàn káàkiri bí ìgbà tí àkàrà bá jókòó lórí ìwé ìròyìn.

Mo ra díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo ṣe é lọ́nà kan náà. Ìdí rẹ̀ le gbagidi, ó ń dán, ó fọ́ nígbà tí mo fi ọ̀bẹ kàn án. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi, torí ẹ̀rí ti pé.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń da òróró mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ihò ni wọ́n ń lu sínú ìtì igi náà kí oje lè ṣàn, igi mìíràn a sì wà tí kò ní mú nǹkan kan jáde, ẹni tó rìn dé ìdí rẹ̀ a padà lọ́wọ́ òfo. Òróró sóyà kò ní irú wàhálà yẹn. Ká ní mo tètè mọ̀ ni, pépà yẹn ni mi ò bá kọ́kọ́ yá níná, kí n tó fọwọ́ kan ọ̀pá ìtutù rárá.

Mo fi àwòrán abọ́ méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ́kọ́ tà á fún mi. Ó ní kí n gbìn èso náà wò.