Bí mo ṣe wá iye abúlé wa jáde nínú ìwé ìkànìyàn, ní Kétu

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé wa, ní ìhà Idigny nínú commune (ìjọba ìbílẹ̀) Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, fẹ́ kọ̀wé sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà, láti tọrọ omi ẹ̀rọ. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Nínú ìpàdé, Baba Délégué, olórí abúlé wa, ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ.

Mo ní, "Bàbá, ta ló kà wá?"

Wọ́n ní, "Ṣé o ò lójú ni? Àbí o kì í rí èrò lọ́jọ́ ọjà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lójú mi, tó jẹ́ pé bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe ròkè tó ni iye ènìyàn ń pọ̀ tó. Ẹni tí yóò ka ìwé wa ní mairie ní iye tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí tiwa bá jìnnà sí i, kò ní bá wa jiyàn. Yóò kàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Mo bá ní kí wọ́n fún mi láyè kí n lọ wo ohun tí ìjọba kọ nípa wa.

Ìgbà mẹ́rin ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ṣe ìkànìyàn tí àbájáde rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á: 1979, 1992, 2002 àti 2013. RGPH ni wọ́n ń pè é lédè Faransé, RGPH-4 sì ni ti 2013. Kì í ṣe orí ènìyàn nìkan ni wọ́n ń kà. Wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n fi mọ ògiri, ohun tí wọ́n fi bo òrùlé, ibi tí ẹ ti ń pọn omi, iná tí ẹ ń tàn lálẹ́, bóyá ṣáláńgá wà nílé tàbí kò sí. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba tó ṣe é ń jẹ́ INSAE nígbà náà. INStaD ló ń jẹ́ báyìí. Orúkọ méjèèjì ni kí ẹ fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé orúkọ àtijọ́ ló wà lára ìwé 2013.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Iye méjì ni ẹ óò rí fún gbogbo Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2013: 9,983,884 àti 10,008,749. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde kí wọ́n tó parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Èkejì ni iye tó dúró. Àwọn ìwé kan ṣì ń lo ti àkọ́kọ́ títí di òní, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún commune kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fa iye kan láti inú ìwé yìí, tí ẹ fa òmíràn láti inú ìwé ọ̀hún, ìṣirò yín kò ní bára mu.

Ìwé tí mo wá gan-an ni èyí tí wọ́n pè ní "Cahier des villages et quartiers de ville", ìyẹn ìwé àwọn abúlé àti àdúgbò ìlú. Wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2016, département (ìpínlẹ̀) kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ti Plateau ni tiwa, pẹ̀lú Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè. Fáìlì PDF ni. Mo fi fóònù gbà á, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan ni mo fi kà á, nítorí àtẹ inú rẹ̀ fẹ̀ ju ojú fóònù lọ. Bí ẹ bá tẹ "Ketu" sínú rẹ̀ láti fi wá nǹkan, ẹ ò ní rí ohunkóhun. "Kétou" ni kí ẹ tẹ̀. Orúkọ abúlé wa pàápàá, bí àwọn akọ̀wé Faransé ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n kọ ọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ó kọjá. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí arrondissement yín, ìyẹn ìpín kan nínú commune tó kó abúlé mélòó kan jọ. Mẹ́fà ni tiwa: Kétou, Adakplamé, Idigny, Kpankou, Odometa, Okpometa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ka orúkọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní iwájú orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan, iye ménage wà níbẹ̀, iye ènìyàn, ti ọkùnrin, ti obìnrin, àti iye ènìyàn tó ń gbé nínú ménage kan tí a bá pín in dọ́gba. Ménage yìí kì í ṣe agbo ilé. Àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń jẹun pọ̀, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí, ni ménage kan. Nínú agbo ilé wa, bàbá mi àti àwọn àbúrò wọn méjì ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú aya àti ọmọ àti owó oúnjẹ tirẹ̀: ẹnu ọ̀nà kan, ménage mẹ́ta.

Mo ka iye wa. Kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn.

Nígbà tí mo padà sọ ọ́ nípàdé, ẹni àkọ́kọ́ tó dìde ní irọ́ ni, pé àwọn ọmọ òun mẹ́rin wà ní Èkó, ṣé wọ́n kà wọ́n? Wọn ò kà wọ́n. Ibi tí ènìyàn bá ti gbé fún oṣù mẹ́fà, tàbí tó pinnu láti gbé tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kà á mọ́. Ẹni tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣì jẹ́ tiwa. Ẹni tó ti ń ta ọjà ní Èkó láti ọdún mélòó kan kì í ṣe tiwa lójú ìkànìyàn, bó ti wù kí ilé tó kọ́ sílé tóbi tó. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló dára fún ọ̀rọ̀ omi. Ẹni tó wà ní Èkó kì í pọn omi níbí, àfi bí ọdún bá dé.

Ìbéèrè kejì wúwo jù ú lọ: "Ní 2002, ṣebí a pọ̀ jù báyìí lọ?" Lóòótọ́, iye tó wà ní iwájú orúkọ abúlé wa ní 2002 ga ju bí a ṣe retí lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òfin oṣù karùn-ún ọdún 2013 pín ọ̀pọ̀ abúlé sí méjì sí mẹ́ta, tí iye abúlé àti àdúgbò ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀ fi di 5,290. Orúkọ kan náà lè wà nínú ìwé méjèèjì, kí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ má rí bákan náà mọ́. Nítorí náà, n kò fi abúlé wé abúlé. Arrondissement ni mo fi wé arrondissement, mo sì fi commune wé commune. Kétu lé díẹ̀ ní 100,000 ènìyàn ní 2002. Ní 2013 ó ti lé ní 157,000. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 3.5. À ń pọ̀ sí i, a sì ń yára jù wọ́n lọ. Gbólóhùn yìí ló múnú Baba Délégué dùn jù nínú gbogbo ohun tí mo mú wá.

Ohun tí ìwé náà kò lè sọ fún wa ni ibi tí àwọn ènìyàn yẹn wà. Ìlà kan ṣoṣo ló kó abúlé, gbogbo abà tó so mọ́ ọn, àti gáà àwọn Fúlàní pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi kì í rìn. Bàbá ti fi ọkàn sí i pé ẹ̀gbẹ́ ọjà ni ẹ̀rọ omi yóò wà. Mo bẹ àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan, a gun ọ̀kadà, a lọ yí àwọn abà ká. A ò ka orí, a ò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ménage nìkan la kà: "Ẹ kú ilé o. Ẹni mélòó ló ń dáná ọ̀tọ̀ níbí gẹ́gẹ́ bí olórí ilé?" Ní gáà, olórí wọn ló bá wa rìn, òun ló sì mọ ìdáhùn gbogbo ilé. Nígbà tí a kó o jọ, àwọn tó wà ní abà pọ̀ ju àwọn tó wà láàárín abúlé lọ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn obìnrin ti ń rìn jìnnà jù lọ síbi omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Bàbá kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ní ọjà ni ojú abúlé. A fà á títí, àwọn ìyá abà sọ tiwọn, a sì kọ ibi méjèèjì sínú ìwé: abà tó jìnnà jù ṣáájú, ọjà tẹ̀ lé e.

Iye tí a máa tọrọ ńkọ́? Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ omi abúlé máa ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ ni orísun omi kan fún ènìyàn 250. Forage (kànga ẹ̀rọ) kan tí ènìyàn ń fi ọwọ́ fà jẹ́ orísun kan. Ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lára borne-fontaine (ibùdó omi ẹ̀rọ fún gbogbo ará àdúgbò) náà jẹ́ kan. Ká ní abúlé kan ní ènìyàn 1,000 nígbà ìkànìyàn: orísun mẹ́rin ló tọ́ sí i. Bí ó bá ń fi 4 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò ti súnmọ́ 1,480, ìyẹn orísun mẹ́fà. Ẹ yọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kúrò, ohun tó kù ni ìbéèrè yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ 1,480 bí ẹni pé ìjọba ló kà á. Nínú àtẹ tiwa, òpó kan jẹ́ ti RGPH-4, òpó kejì jẹ́ èyí tí a fojú bù, òpó kẹta jẹ́ ménage tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kà, a sì kọ orúkọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá gba ti ẹgbẹ́ gbọ́ ṣì lè gba ti ìjọba.

Ọ̀rọ̀ ògiri, òrùlé àti ṣáláńgá kò sí nínú ìwé abúlé yìí. Ìwé mìíràn, "Principaux indicateurs socio-démographiques et économiques", ni ẹ óò ti rí i, commune ló sì fi ṣe ìpín. A fa ìpín àwọn tó ń pọn omi níbi tí kò mọ́ yọ níbẹ̀ fún Kétu, ó tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò tirẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ ní IPUMS, lọ́dọ̀ Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, níbi tí apá kan lára ìdáhùn inú ìkànìyàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n fún ìwé abúlé, kò wúlò.

A tẹ ojú ewé tí orúkọ wa wà jáde, a fi lẹ́ẹ̀dì pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, a so ó mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Ẹni tó bá wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìwé Ouémé ni kó wá, àdúgbò ni yóò sì wò lábẹ́ arrondissement márààrún. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, ti Collines ni tiyín, "Savè" sì ni kí ẹ tẹ̀.