Díìsìkì ìbejì lórí sáfà àtijọ́: àwọn àṣìṣe tó yẹ kí ẹ yẹra fún kí ẹ tó ṣe defrag

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti tẹ defrag o. Tó bá fi máa di àárọ̀, sáfà yìí á ti máa sáré bí ọmọ tuntun."

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà tí àbúrò mi kan lẹ́nu iṣẹ́ pè mí láti ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn. Defrag ni kíkó àwọn ègé fáìlì tó fọ́nká lórí díìsìkì jọ sójú kan. Windows Server 2003 ló wà lórí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò. Díìsìkì méjì ni wọ́n so pọ̀ ní RAID 1, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní mirror: ohunkóhun tí sáfà bá kọ sórí ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sórí èkejì. Ìbejì ni wọ́n, ohun tí Táyé bá jẹ ni Kẹ́hìndé ń jẹ. Mo bi í pé ṣé ó ti yẹ àwọn méjèèjì wò. Ó dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sáfà ò tan mọ́. Táyé ti kú láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, "Failed Redundancy" (pé ìbejì náà kò pé mọ́) sì ti wà nínú Disk Management, ojú ibi tí Windows ti ń fi díìsìkì hàn, látìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò ṣí i wò. Kẹ́hìndé nìkan ló ń dá ẹrù rù, òun la tún wá gbé iṣẹ́ òru lé lórí.

Àṣìṣe tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ni kí èèyàn rò pé nígbà tí díìsìkì ti jẹ́ méjì, ẹ̀dà ìpamọ́ ti wà nìyẹn. Kò sí níbẹ̀. Fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti pa rẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀, èyí tó bá sì bàjẹ́ níbi tí defrag ti ń gbé e kiri, orí méjèèjì ló ti bàjẹ́. Tìtorí ọjọ́ tí díìsìkì kan bá kú ni mirror fi wà, kì í ṣe tìtorí ọjọ́ tí ọwọ́ yín bá ṣì. Ẹ kó dátà sórí díìsìkì mìíràn tí ẹ lè yọ kúrò lára sáfà, kí ẹ sì dá fáìlì bíi mélòó kan padà láti orí rẹ̀ láti mọ̀ pé ó ń ṣí. Mo ti bá ẹ̀dà pàdé rí tó jẹ́ pé orúkọ fáìlì ló pé síbẹ̀, inú wọn ṣófo.

Ẹ má gbàgbé pé ìbejì ni wọ́n lóòótọ́. Ọjọ́ kan náà la sábà máa ń rà wọ́n, láti inú páálí kan náà, iye wákàtí kan náà ni wọ́n sì ti fi ń yí. Bí ọ̀kan bá ti ń ṣàárẹ̀, ara èkejì náà kò lè fi bẹ́ẹ̀ yá. Díẹ̀ ni iṣẹ́ tó le fún díìsìkì àgbà tó defrag, torí orí rẹ̀ á máa sá lọ sá bọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á máa kà, á máa kọ. Ẹ wo SMART ṣáájú, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlera tí díìsìkì ń kọ nípa ara rẹ̀. Reallocated Sectors (ibi tó ti bàjẹ́ tí díìsìkì ti fi mìíràn rọ́pò) àti Current Pending Sector (ibi tó ń ṣòro kà tí kò tíì rọ́pò) ni kí ẹ kọ́kọ́ fojú sí. Bí Pending bá ti kúrò ní òdo, ẹ fi defrag sílẹ̀, kí ẹ lọ wá díìsìkì mìíràn. Níbi tó bá jẹ́ káàdì RAID ló so wọ́n pọ̀, Windows lè má rí SMART rárá, torí káàdì ti dúró sáàárín. Irinṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà fi sílẹ̀ ni ẹ máa lò.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bí a ṣe máa ń fún sáfà ní oògùn àìsàn tí kò ṣe é. Ẹni tó ń ṣírò owó ní sáfà ti ń falẹ̀, a sì ti sáré tẹ defrag. Ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì káàdì RAID. Bátìrì yìí ló ń gbé ohun tó wà nínú ìrántí káàdì dúró bí iná bá lọ. Tó bá ti kú, bí PERC, káàdì RAID ti Dell, ṣe ń ṣe, káàdì náà á pa write-back tì (èyí tó fi ń sọ pé òun ti kọ nǹkan nígbà tó ṣì wà nínú ìrántí), á bọ́ sí write-through, ìyẹn ni pé kò ní sọ pé òun ti kọ nǹkan tán àfi tó bá dé orí díìsìkì gan-an. Ibẹ̀ ni ìfàlẹ̀ ti ń wá. Ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe defrag, kò ní kan ìyẹn. Ẹlòmíràn, kí ó sì lọ fipá dá write-back padà láìsí bátìrì! Níbi tí NEPA ti ń mú iná bó ṣe wù wọ́n, àfọwọ́fà ni. Ìrántí tó kéré náà ń fa ìfàlẹ̀: Server 2003 Standard oníbíìtì 32 kì í lò ju 4 GB lọ, bó bá sì ti kún, orí díìsìkì ló ń sá lọ.

Àwọn kan máa ń ní kí ẹ yọ díìsìkì kan kúrò nínú mirror, kí ẹ ṣe defrag lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dán an wò. Orí mirror gẹ́gẹ́ bí odidi ni defrag ń ṣiṣẹ́, sáfà fúnra rẹ̀ á sì kọ ìyípadà náà sórí méjèèjì. Bí ẹ bá tú wọn ká, tí ẹ tún so wọ́n pọ̀, gbogbo èyí tó wà lórí ọ̀kan ni sáfà á tún kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó kọ ọ́ sórí èkejì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹyọ kan péré lẹ ní.

Ti àyè tó ṣófo kò gùn: irinṣẹ́ inú Server 2003 fẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 12 GB lórí 80 GB. Shadow copies, àwọn ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá fáìlì tí Windows ń tọ́jú, ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Bí cluster, ìyẹn ìwọ̀n ègé tí Windows pín díìsìkì sí, bá kéré sí 16 KB (4 KB sì ni NTFS, ètò ìtọ́jú fáìlì Windows, sábà máa ń lò), àyípadà tuntun ni Windows máa ń ka gbogbo gbígbé kiri yẹn sí. Àyè tí a yà sọ́tọ̀ á kún, àwọn ẹ̀dà tó ti pẹ́ á sì máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tó fi shadow copies ṣe ọ̀nà àbáyọ yín, ẹ ti gbọ́.

Bí SQL Server, ètò tó ń tọ́jú dátàbéèsì, bá wà lórí rẹ̀, ẹ dá a dúró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí yóò máa bá defrag du díìsìkì. Ẹ má sì retí pé defrag á tún àtòpọ̀ inú dátàbéèsì ṣe, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti fi SSD, díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò díìsìkì tó ń yí, ẹ má tiẹ̀ gbé defrag sún mọ́ ọn.

Ní ti iná, ó dáa kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù. Windows máa ń da fáìlì kọ síbi tuntun kó tó yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà, nítorí náà fáìlì kì í sábà ya bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n mirror tí Windows fúnra rẹ̀ so pọ̀ á ní láti tún ara rẹ̀ dọ́gba lẹ́yìn ìdúró òjijì, ìyẹn sì jẹ́ òru mìíràn tí díìsìkì àgbà á tún fi ṣiṣẹ́. UPS tó lè gbé sáfà títí jẹnẹrétọ̀ á fi dúró ni kí ẹ ní. Bí ẹ bá fẹ́ dá defrag dúró, Stop tàbí Ctrl+C ni, ẹ má fọwọ́ kan wáyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ tẹ defrag d: -a, tó kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò láìgbé ohunkóhun. Nígbà tí a ra díìsìkì méjì tuntun sí sáfà Ìbàdàn yẹn, tí a sì dá èyí tó kù nínú ẹ̀dà padà sí i, àbúrò mi tẹ̀ ẹ́, ó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, ó fi ránṣẹ́ sí mi: "You do not need to defragment this volume."