Bí Ẹ Ṣe Lè Gbádùn Ìwé Apanilẹ́rìn-ín Nípa Àwọn Ará Íńdíà

Bí ọmọ Punjab bá fẹ́ fẹ́ ọmọ Tamil nínú ìtàn, ẹ kọ́kọ́ wo máàpù. Punjab wà lápá àríwá, Tamil Nadu wà ní gúúsù pátápátá, èdè wọn ò sì bára tan rárá. Ní 1965, àwọn ará Tamil tú síta láti sọ pé àwọn ò fẹ́ Hindi, èdè tó gbilẹ̀ lápá àríwá, gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba. Tí bàbá ìyàwó bá wá ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Hindi, ẹ ti mọ ìdí.

Oúnjẹ gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́, ibẹ̀ lẹ̀rín pọ̀ sí. Roti, búrẹ́dì àlìkámà pẹlẹbẹ tí bọ́tà ń dán lórí rẹ̀, ni ti Punjab. Ìrẹsì àti sambar ni ti Tamil: ọbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, tó kan díẹ̀, torí wọ́n fi tsamiya, èso kíkan kan, sí i, tsamiya kan náà tí à ń mu nínú kúnú níbí.

Ìwé tó bá ń fi ẹ̀yà kan ṣoṣo ṣẹ̀sín, ẹ pa á dé.

Ní ẹgbẹ́ ìwé-kíkà wa ní Kubwa, l'Ábùjá, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo máa ń ní kó ka ohùn ìyá ìyàwó, ọmọ Èkìtì á ka ti ìyá ọkọ, sókè ketekete. Kí oníkálukú fi ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀ kà á. Ẹni tó ń ka ìyá ọkọ ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín kó tó parí ojú ìwé náà.