Bí mo ṣe fi ọjọ́ mẹ́rin ya àwòrán tí mo pè ní iṣẹ́ wákàtí kan

Sáínbọ́ọ̀dù ni mò ń kọ. Ìlà tó tọ́ ni mo fi ń jẹun láti bí ogún ọdún, nítorí náà, nígbà tí àǹtí kan tó ń ránṣọ ládùúgbò wa na fóònù sí mi pé, "Bọ̀dá Ọlọ́dà, ẹ bá mi ya eléyìí sára pátákó, mo fẹ́ gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù," ẹ̀rín ni mo rín. Ìlà dúdú mélòó kan, pupa ràbàtà lókè lápá ọ̀tún, búlúù kékeré nísàlẹ̀ lápá òsì, yẹ́lò bíńtín ní igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ìyókù funfun. Mo ní kó wá gbé e lọ́jọ́ kejì.

Aṣọ ló gbé àǹtí dé ìdí ẹ̀. Lọ́dún 1965, Yves Saint Laurent, aránṣọ olókìkí kan, mú irú àwòrán yìí ṣe gáùn ní Párísì, gáùn yẹn ló kọ́kọ́ rí. Ẹni tó ya àwòrán gan-an ni Piet Mondrian, ọmọ Netherlands tí wọ́n bí ní Amersfoort lọ́dún 1872. Èyí tí mo fẹ́ wò yà, ọdún 1930 ló yà á, ó wà ní Kunsthaus, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Zürich ní Switzerland. Kò tóbi rárá: sẹ̀ǹtímítà 46 ní ìbú, 46 ní òòró.

Mo gé páálíwúùdù sí ìwọ̀n yẹn, mo fi sáńdípépà ha á, mo kun ún lọ́dà funfun lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó gbẹ, mo na tépù lé e. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ìwọ̀n kan náà ni mo fún gbogbo ìlà, bí mo ṣe máa ń ṣe fún sáínbọ́ọ̀dù. Mo kun gbogbo àwọ̀, mo ṣí tépù. Ìlà gún régé, àmọ́ ohun tó wà níwájú mi dà bíi fèrèsé ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé, pupa yẹn sì fẹ́ gbé pátákó náà ṣubú.

Mo wá fẹ àwòrán náà lójú fóònù. Àṣé ìlà kúkúrú apá òsì, èyí tó pààlà sáàárín funfun méjì, nípọn ju àwọn yòókù lọ. Òun ló ń bá pupa fa okùn, tí búlúù àti yẹ́lò ń fà á láti ìsàlẹ̀. Kò sí rúlà tó lè sọ ìyẹn fún èèyàn. Ojú ni ọkùnrin yìí fi ń wọ̀n ọ́n.

Mo ti rò pé bóyá kò mọ igi yà ni. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé mọ àwòrán dáadáa, Frits, àbúrò bàbá rẹ̀, sì jẹ́ ayàwòrán. Lọ́dún 1892 ni òun náà wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Amsterdam. Odò, ọlọ aláfẹ́fẹ́ àti igi ló ń yà. Ẹ to àwọn àwòrán igi rẹ̀ tó wà ní ìlú Den Haag ní Netherlands tẹ̀ léra: igi pupa, igi aláwọ̀ eérú ti 1911, igi ápù ti 1912. Ẹ̀ka ń di ìlà lójú yín ni. Nígbà tó dé Párísì, ó tilẹ̀ gé orúkọ ara rẹ̀, ó yọ "a" kan kúrò nínú Mondriaan.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Theo van Doesburg, ayàwòrán bíi tirẹ̀, jọ wà nínú De Stijl, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Netherlands, láti 1917, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà tó dàgẹ̀rẹ̀, Mondrian kúrò níbẹ̀. Nítorí ìlà! Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta tí mo ń sún tépù dúdú síwá sẹ́yìn, ẹ̀rín yẹn tán lẹ́nu mi.

Tépù náà kúkú ni òun lò. Ní New York, níbi tó sá lọ lọ́dún 1940 nígbà tí bọ́ǹbù ń já lulẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tépù aláwọ̀ ló fi ń dán ìlà wò kó tó kun ọ̀dà. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú Düsseldorf ní Jámánì. Ní 2022 ni wọ́n kéde pé ó jọ pé ṣe ni wọ́n dorí ẹ̀ kodò kọ́ sára ògiri láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Wọn ò yí i padà, nítorí tépù náà ti gbó, ó lè já. Nígbà tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró pa á ní oṣù Èrèlé 1944, tépù ṣì wà lára iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ láìparí.

Funfun ló gba ọjọ́ kẹrin mi. Kì í ṣe oríṣi kan: mo po ọ̀dà aláwọ̀ eérú díẹ̀ mọ́ èyí, mo fi èyí sílẹ̀ báláú, mo pa rólà tì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kí ipa ọwọ́ lè hàn.

Àǹtí wò ó, ó ní, "Ṣé eléyìí lẹ fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe?" Owó iṣẹ́ wákàtí kan náà ni mo gbà, bá a ṣe dúnàádúrà. Àmọ́ kí n tó gbé e lé e lọ́wọ́, mo yí i dojú bolẹ̀, mo fi ọ̀dà dúdú kọ ÒKÈ sẹ́yìn pátákó náà, gàdàgbà.